Tsirel Méjì Lábẹ́ Òrùlé Kan

Nakuru, Kenya
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, 1939

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìyẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ọmọ. Ara mi le. Mo tiẹ̀ ti sanra díẹ̀, torí náà ẹ yé fi búrẹ́dì gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi, ó máa ń hu kó tó dé.

Mo ti kúrò ní oko Ọ̀gbẹ́ni Pringle. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ka màlúù fún un ní òwúrọ̀, tí mo tún ń kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín: ọmọ tí ẹ fi owó ìrọ̀rí rírán kọ́ ní fayolíìnì láti ọmọ ọdún mẹ́fà, òun ló di darandaran. Ṣùgbọ́n ìyàwó Pringle gbọ́ mi lọ́jọ́ kan tí mò ń ta á nínú ilé ìfúnwàrà. Ó ní, "Zelig, àwọn màlúù ń gbádùn, àwọn ọmọ mi ò sì mọ nǹkan kan. Wá kọ́ wọn." Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá nínú ìlú báyìí: ọmọ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun mẹ́ta, ọmọ oníṣòwò ará Íńdíà mẹ́rin, òṣìṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta, àti ará Goa kan tó ń jẹ́ Caetano, tó ń to lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́. Mwalimu ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn olùkọ́.

Èyí tó jù ni pé ìwé àṣẹ yín ti jáde. Pringle ti fọwọ́ sí i pé òun dúró fún yín. Màámi, ẹ máa bọ̀. Àwọn Júù bíi tiwa tó ń sá dé láti Vienna ti sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, n kò sì lè kọ ọ́ síbí. Ẹ má dúró ta ilé. Ẹ tì í pa, kí ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sódò.

Ọmọ yín tó ń retí yín,
Zelig

Tarnów, Poland
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje, 1939

Zelig ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ìwé mẹ́ta tó nípọn bí awọ bàtà, ojú kan ṣoṣo lo sì kọ ọ̀rọ̀ sí. Ṣé ẹ̀yìn ìwé ń bu ènìyàn jẹ ní Nakuru ni? Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń gba owó. Kọ ọ́ sójú méjèèjì.

O ní kí n ju kọ́kọ́rọ́ sódò. Ẹni tí kò ra ilẹ̀kùn rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Inú mi dùn sí àwọn mọ́kànlá rẹ. Má ṣe kọ́ ọmọ àwọn àgbẹ̀ ní àwìn, kí o sì fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní ẹ̀dínwó. Ìdí ni pé àwọn wọ̀nyẹn ló máa ta á nílé, láìsí ẹni tó lé wọn, kí wọ́n tó padà wá.

Ní ti bíbọ̀, n ó wá. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí mo rà lóṣù tó kọjá ṣì wà lórí òrùlé tí oòrùn ń pa. Kleinberg ti san àsansílẹ̀ lórí ìrọ̀rí mẹ́fà àti aṣọ ìbora méjì fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. N kò lè gbé owó oníbàárà sá lọ. Ní kété tí Àjọ̀dún Àgọ́ bá parí ní oṣù Kẹwàá, mo ti ń bọ̀ nìyẹn.

Wá ìyàwó. Ọmọ Júù ni o. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń fi iyọ̀ sẹ́ran, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jáde bí òfin wa ṣe wí, má mú un wá sílé mi.

Ìyá rẹ,
Tsirel

Nakuru
Oṣù Kejì, 1940
Nípasẹ̀ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa, tí kò gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ

Màámi, ṣé ẹ wà? Mo wà. Mo fẹ́ Margot, ọmọ Júù, ó mọ bí a ti ń fi iyọ̀ sẹ́ran. Yàrá yín ṣetán. Ẹ fèsì.

Zelig

Àgọ́ àwọn asásálà, lẹ́bàá Ulm, Jámánì
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, 1946

Zelig,

N kò ní kí ọ. Òkú kì í kí ènìyàn.

Gbọ́ bí mo ṣe mọ̀ pé mo ti kú. Bàtà tí wọ́n fún mi níbí tóbi jù, mo wá lọ tọrọ ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àgọ́ láti fi kì í. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi àti Pesia, obìnrin tí ibùsùn rẹ̀ kángun sí tèmi, la jọ jókòó tí à ń ya á. Pesia kì í ya ìwé láìkọ́kọ́ kà á. Ìwé ìròyìn àwọn Júù ní Johannesburg ni. Ló bá ké pé:

"Federman! Tsirel, kí lorúkọ ọmọ rẹ yẹn?"

Mo ní, "Zelig."

"Ṣé olùkọ́ orin ni?"

"Pesia, kà á kí n tó já a gbà!"

Ó kà á pé: "Ayọ̀ wọlé Zelig Federman, olùkọ́ orin ní Nakuru, àti Margot ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin. Orúkọ rẹ̀ ni Tsirel."

Pesia fò mọ́ mi lọ́rùn. "Ọmọ rẹ wà láàyè! O ti di ìyá àgbà! Wò ó, ó tiẹ̀ fi orúkọ rẹ sọ..." Ló bá jọ̀wọ́ ọrùn mi. Ta ni kò mọ̀ nínú wa? Àwa Júù kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ. Ẹni tó bá ti lọ la ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ, kí orúkọ náà má bàa bá a lọ.

Pesia nu ojú, ó ní, "Tsirel, kú ara fẹ́ra kù o. Ọmọ rẹ ti sin ọ́."

Ẹ̀rín tí àwa méjèèjì bú sí pọ̀ débi pé àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ilé sáré wá pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Wọ́n rò pé oúnjẹ ti dé.

Ó dáa, mo kí ọ báyìí. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ náà. Nígbà tí àwọn ará Jámánì wọ ìlú wa, mo gbé àpò ìyẹ́ kan mo sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn ará Rọ́ṣíà kó wa sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gbé wa lọ sí igbó kan tí yìnyín kò ti ń tán. Lẹ́yìn náà mo dé Samarkand, ìlú kan lábẹ́ wọn níhà gúúsù, mò ń ki òwú sínú ẹ̀wù àwọn ológun. Ẹ̀wù mọ́kànlá lóòjọ́, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ṣe mẹ́jọ. Mo kọ lẹ́tà sí ọ nígbà mẹ́ta, kò sí èsì. Nígbà tí ogun parí, mo padà sí Tarnów, àdúgbò wa ti tán, mo wá dé àgọ́ yìí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

Mo ní ìbéèrè fún ọ. Ta ló sọ fún ọ pé mo kú? Ṣé o jókòó nílẹ̀ ṣọ̀fọ̀ mi fún ọjọ́ méje? Ṣé o rí ọkùnrin mẹ́wàá tí òfin ní kó bá ọ ṣe àdúrà òkú, àbí òkú aláìnílé lo fi mí ṣe?

Ìyá rẹ, tó ṣì ń jẹun,
Tsirel

Nakuru
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, 1946

Màámi, Màámi, Màámi,

Ẹ káàbọ̀ láti ibi tí mo rán yín lọ.

Caetano ló mú lẹ́tà náà wá. Kò fi sínú àpò lẹ́tà, ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó sì sáré wọ inú kíláàsì mi pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Mo wo bí ẹ ṣe kọ orúkọ mi, mo sì ké pe Margot. Òun, ìyàwó mi, ọmọ Breslau ní Jámánì, ló kà á fún mi. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti ní òkú kì í kí ènìyàn, ó ní, "Ìyá rẹ gan-an nìyí, bí o ṣe ń sọ ọ́."

Ní 1943 ni àwọn asásálà láti Poland kọjá níbí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ará Tarnów. Ó ní òun fi ojú ara òun rí i tí àwọn ará Jámánì kó gbogbo ojúlé wa lọ, kò sí ẹni tó ṣẹ́ kù. Kò parọ́, Màámi, ẹ̀yin lẹ ti lọ kí wọ́n tó dé ojúlé wa. Mo jókòó nílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kì í ṣe òkú aláìnílé. Mẹ́jọ ni àwa ọkùnrin Júù tó wà nítòsí, méjì sì gun alùpùpù wá láti Eldoret nínú ẹrẹ̀ kí a lè pé mẹ́wàá.

Òfin ní kí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ òbí má gbọ́ orin fún oṣù méjìlá. Bàbá Lipman tó ń darí àdúrà wa ní iṣẹ́ oúnjẹ mi ni, kí n máa kọ́ni. Mo ń kọ́ni, ṣùgbọ́n n kò ṣí àpótí fayolíìnì tèmi. Oṣù méjìlá pé, ọwọ́ mi kọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fi ẹnu kọ́ni: "Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè! Jẹ́ kí ọ̀pá tí o fi ń ta á mí!" Wanjohi, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó dé lọ́dún tó kọjá, wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mwalimu, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n ta? Àbí bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà ìlú tí kò dé rí lẹ ṣe ń ṣe é?" Caetano fẹ́ gbá a létí.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, mo ṣí àpótí náà lójú gbogbo wọn. Okùn méjì ti já. Mo fi méjì tó kù ta orin tí a máa ń jó níbi ìgbéyàwó nílé, Màámi, mo ta á títí irun ọ̀pá fi ń já. Margot gbé ọmọ jó yí ká yàrá. Wanjohi ní, "Há! Mwalimu! Ẹ ní i lọ́wọ́, ẹ ń ṣahun!"

Ìwé àṣẹ tuntun yín ti wà lọ́nà, ọkọ̀ yóò gbé yín láti Marseille. Ẹ má sì da ara yín láàmú nípa orúkọ. Margot àti èmi ti pinnu, a ó pa á dà. Ruth ni a ó máa pè é.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni máa ya wèrè,
Zelig

Àgọ́, lẹ́bàá Ulm
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá, 1946

Zelig, Margot, ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín. Mo ka lẹ́tà yín sétí gbogbo ilé tí a wà. Wọ́n ní kí n tún ibi alùpùpù kà. Mo tún un kà.

Ṣùgbọ́n ní ti Ruth yẹn, Zelig, ṣé orí rẹ pé? Wọ́n ti pe ọmọ náà ní Tsirel níwájú ìwé mímọ́. Ṣé àwo ọjà ni orúkọ, tí o fẹ́ dá a padà torí pé ẹni tó ni ín yọ lójijì? Má pa á dà. Mo kọ̀.

N kò sì ní wá.

Má fọ́ nǹkan mọ́lẹ̀. Fetí sílẹ̀. Tsirel méjì kò lè gbé abẹ́ òrùlé kan. Áńgẹ́lì ikú a máa ka orúkọ, kì í wo ọjọ́ orí. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà yín pé Tsirel lòun ń wá, ta ló máa dá a lóhùn? Èmi tí mo bá ń dáná lẹ́yìnkùlé, tí n kò gbọ́? Mo mọ̀ pé Margot máa rẹ́rìn-ín, àwọn ará Breslau ti kàwé jù. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà ní Samarkand lọ́dún tí ibà jà. Mo mọ ìṣirò, Zelig, ṣùgbọ́n n kò ka àwọn ọmọ tó kú tán. Kí n rìn láti ibí yìí wá fi orúkọ mi pa ọmọ-ọmọ mi? Kí Ọlọ́run má jẹ́.

Mendel, àbúrò mi, ti fi ìwé ránṣẹ́ láti Montevideo. Ní ìparí oṣù Kejì ni ìgbìmọ̀ ń kọ orúkọ àwọn tó ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n kọ tèmi. Ibẹ̀ jìn sí yín, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Ẹ máa fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́.

Ṣé ó ti hu eyín?

Ìyá yín,
Tsirel

Nakuru
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kìíní, 1947

Màámi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọkọ̀ òfurufú ni mo fi rán èyí, ẹ má béèrè iye owó rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fẹ́ kí ẹ wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́yìn náà, ogun. Báyìí, áńgẹ́lì. Margot ní kí n kọ èyí síbẹ̀ bí òun ṣe sọ ọ́: "Áńgẹ́lì tó bá lè la ẹrẹ̀ Nakuru kọjá nígbà òjò, n ó po kọfí fún un."

Mo gbé lẹ́tà yín tọ Bàbá Lipman lọ. Mo rò pé ó máa bá mi bínú sí yín. Ó kà á, ó sì mi orí. Ó ní, "Òótọ́ ni ìyá rẹ ń sọ. Ìyá mi náà máa sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, kí ni kí n ṣe? Ó ní kí n má pa orúkọ ọmọ dà, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní wá."

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ti ọmọ? Ìyá rẹ ni kó gba orúkọ kún tirẹ̀. Báwo la ti ń ṣe fún aláìsàn tí ó ti dójú ikú? Ọkùnrin mẹ́wàá á ka Sáàmù, wọn á pe orúkọ tuntun ṣáájú èyí tó ń jẹ́. Áńgẹ́lì á dé, á bá ẹlòmíràn níbẹ̀, á pẹ̀yìn dà."

"Ara ìyá mi le, Bàbá. Kò ṣàìsàn."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Zelig, ìwọ fúnra rẹ ṣe àdúrà òkú fún obìnrin yìí. Èmi náà ṣe àmín. Àìsàn wo ló tún kù kó ṣe?"

Màámi, ọkùnrin Júù kò wọ́n ní àgọ́ yín. Ẹ pe mẹ́wàá jọ.

N ó sọ ohun kan fún yín tí ẹ máa pàdánù ní Montevideo. Ní oṣù tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mẹ́rìnlélógún, ṣeré pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú gbọ̀ngàn ẹ̀bá ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn aláṣẹ ìlú ti ní kí a pín àga sí mẹ́ta: aláwọ̀ funfun níwájú, ará Íńdíà láàárín, kí àwọn òṣìṣẹ́ àti ará ilé wọn dúró síta kí wọ́n máa gbọ́ láti ojú fèrèsé. A kò tíì ta ìdajì orin àkọ́kọ́ tí òjò fi dé. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń ró lórí páànù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dá wọn dúró. Mo yíjú padà, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ìta wọlé, a ó bẹ̀rẹ̀ látòkè." Gbogbo wọn rọ́ wọlé, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n bá rí, ìyàwó Pringle gbé ọmọ ẹlòmíràn lé ẹsẹ̀. Òjò dá. A bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wanjohi ló dá ta ẹsẹ orin tó le jù, kò ṣì í. Nígbà tí a parí, wọn kò jẹ́ kí a lọ, a tún ta gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé a kò mọ òmíràn.

Mo wo àga iwájú, Màámi. Kò yẹ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀.

Zelig

Ìyá, èmi ni Margot. Mo bẹ̀ yín, n kò mọ ìrọ̀rí í rán. Ti òwú tí wọ́n ń tà níbí ti ba ọrùn ọmọ yín jẹ́, ó sì ń fi ìrora rẹ̀ yọ gbogbo wa lẹ́nu. Ọmọ ti hu eyín mẹ́fà. Ẹ máa bọ̀.

Mombasa
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 1947

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìrètí. Mo ti gúnlẹ̀. Ooru ibí lè sè ẹyin.

Lẹ́tà yín dé nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìgbìmọ̀ kọ orúkọ. Mo gbé e lọ bá rábì àgọ́. Ó ní, "Tsirel, kí ló ń ṣe ọ́?" Mo ní, "Ọmọ mi ti sin mí." Ó kà á, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn àdúrà àárọ̀.

Ọkùnrin mẹ́wàá ni mo ń wá, Zelig. Pesia ti sọ̀rọ̀ náà káàkiri, n kò lè ka àwọn tó wá tán. Wọ́n dúró títí dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí kò ní ìyá mọ́, àwọn tí kò lọ́mọ. Wọ́n ka Sáàmù. Rábì wá ní, "Fún obìnrin tó ti dàgbà, Alte la máa ń fi kún un, ìyẹn arúgbó. Ṣé kí n pe ìyẹn?"

Mo ní, "Rábì, ẹ̀wù mọ́kànlá ni mò ń kì lóòjọ́, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe mẹ́jọ. Ẹ má pè mí ní arúgbó."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín nínú ilé àdúrà.

Ó ní, "Kí la ó wá pè ọ́?"

Mo ní, "Khaye. Ẹ pè mí ní Ìyè."

Ó ké e jáde pé láti òní lọ, obìnrin yìí kì í ṣe Tsirel mọ́, Khaye Tsirel ni. Ariwo sọ, wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pe, "Khaye! Khaye!" Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kí a tó jáde, obìnrin méje ti tò sẹ́yìn mi pé kí rábì pe ti àwọn náà. Pesia ló wà níwájú. Mendel ń bínú ní Montevideo, á bínú tán.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ ìlú yín, ṣá. Ọmọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò ní èbúté béèrè orúkọ mi. Mo ní, "Khaye Tsirel Federman." Ó wo ìwé, ó ní, "Tsirel Federman ló wà níbí." Mo ní ìyẹn ti kú. Ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní, "Tsirel yẹn. Ọmọ rẹ̀ jókòó ọjọ́ méje fún un ní Nakuru, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀." Ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ kọ̀ láti túmọ̀ ìyẹn. Ó ní, "Ìyá, nítorí Ọlọ́run, ẹ kàn ní bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní n kò rìn láti Samarkand wá kí n wá pe ara mi ní ohun tí n kì í ṣe. Ìlà tó wà lẹ́yìn mi ti gùn dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà nu òógùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Khaye síwájú Tsirel, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, Ìyá?" Mo ní ó tó.

Ọjọ́ mẹ́ta sí òní ni ọkọ̀ ojú irin mi, lẹ́tà yìí á ṣáájú mi dé. Ipò kẹta ni mo sanwó fún, ẹ má bá mi jà, ìjókòó ni gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ pé o fẹ́ kó gbogbo ẹgbẹ́ olórin rẹ wá sí ibùdókọ̀. Má kó wọn wá láìjẹun. Sọ fún Wanjohi pé mo fẹ́ gbọ́ ẹsẹ orin tó le jù yẹn.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú kí n tó dé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ sùn. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ Tsirel ń bọ̀ wá wo bí orúkọ náà ṣe bá a mu.

Èmi ni ìyá yín,
Khaye Tsirel